Àgbo, Ojú Ara àti Ọsibítù: Ìbéèrè Tí Àwọn Obìnrin Àgbádárìgì Máa Ń Bi Mí

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ò gbà pé mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n á tẹ̀ lé mi láti ọjà Agbálátà dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ kan wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́." Ìlú ẹnubodè ni Àgbádárìgì. Ègùn ló ni ilẹ̀, àwa Yorùbá ń bá wọn gbé, àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọ̀nù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé lójoojúmọ́, àwọn apẹja láti Tógò àti Gánà sì ti pa ahéré sí etí òkun kí wọ́n tó bí mi. Oníkálukú ló gbé ewé ìlú rẹ̀ dání wá. Ìyá tó bí ìyá mi, Ègùn ni, ewé ló sì ń tà. Nítorí náà ẹni tó bá rò pé mo fẹ́ bú àgbo, kó fara balẹ̀ kà á. Ohun tí a ń mu lọ́tọ̀, ohun tí a ń kì bọ ojú ara lọ́tọ̀. Èkejì yìí ló ń dà mí láàmú.

Kí ló dé tí àwọn obìnrin tó ti òkèèrè wá fi máa ń gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn lọ kí wọ́n tó rántí ọsibítù?

Èdè ló kọ́kọ́ fà á. Bí obìnrin Àjàṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ bokọ́nọ̀n, ìyẹn babaláwo àwọn Ègùn, wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á bu omi fún un, wọ́n á béèrè ọkọ àti ọmọ kí wọ́n tó béèrè àìsàn. Bó bá dé ọsibítù, òyìnbó tí kò gbọ́ ni wọ́n á fi kí i. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó dúró níwájú kàǹtà, tó ń fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn, tó ń wí "pertes blanches, pertes blanches". Bí àwọn tó gbọ́ Faransé ṣe ń pe omi funfun ojú ara nìyẹn. Ẹni tó ń kọ káàdì bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ kọ́ èdè kó tó máa bọ̀. Ẹnu géètì ni mo ti sáré bá a. Tí mi ò bá sáré, ta ni ì bá dá a lẹ́bi pé ó lọ sí ibi tí wọ́n ti mọyì rẹ̀?

Owó náà wà níbẹ̀. Oníṣègùn á gba díẹ̀ lónìí, á gba ìyókù lọ́jọ́ ọjà. Ìbẹ̀rù ìmígírésọ̀n tún wà, màá padà sórí ìyẹn. Ìtìjú sì wà: ọ̀pọ̀ obìnrin ló lè sọ fún ìyá arúgbó nínú òkùnkùn yàrá ohun tí kò lè sọ fún dókítà ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 26.

Omi funfun ń dà lójú ara mi. Ṣé àrùn ni?

Bó bá mọ́ gaara tàbí tó funfun bí omi ẹyin, tí kò rùn, tí kò yún, ara ló ń fọ ara rẹ̀. Ó máa ń pọ̀ sí i láàárín nǹkan oṣù kan sí èkejì, nígbà tí ẹyin bá ń bọ́, ó sì máa ń pọ̀ nínú oyún.

Ògì ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo rí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bu ohun kíkan sí i. Kòkòrò tí ojú ò rí ló ń mú un kan. Ìbátan kòkòrò yẹn gan-an ló ń gbé nínú ojú ara obìnrin, òun ló ń mú ibẹ̀ kan díẹ̀. Kíkan rẹ̀ sún mọ́ ti tòmátò. Àwọn tó ń wọ̀n ọ́n sọ pé pH rẹ̀ wà láàárín 3.8 sí 4.5. Kíkan yẹn ni ò jẹ́ kí kòkòrò burúkú rí ibi fìdí lé. Obìnrin tó bá wá ń ti ọwọ́ àti ọṣẹ bọ inú ibẹ̀ láràárọ̀, ńṣe ló ń lé ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀. (Mi ò ní kí ẹ lọ bu ògì síbẹ̀ o. Ẹnì kan ti bi mí rí, òun ni mo ṣe ń sọ ọ́.)

Ohun tó ń sọ ọ́ di àrùn kì í ṣe pé omi ń jáde, bí kò ṣe pé ó yí padà. Bó bá ń rùn bí ẹja, tó rí bí omi eérú, tí òórùn náà sì ń le lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ọdẹ ti sá nílé nìyẹn, kòkòrò mìíràn ti gba ibẹ̀. Bó bá dì bí wàrà, tó ń yún débi pé ẹ ò lè jókòó láàárín èèyàn, yíìsì ni. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó rí bí ewé, tó ń hó, ó lè jẹ́ kòkòrò kan tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni tí wọ́n ń pè ní tríkómónà. Ọyún pẹ̀lú oró nígbà tí a bá ń tọ̀ lè jẹ́ àtọ̀sí. Kílámídíà, tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni bákan náà, ló burú jù nínú wọn, torí pé lára ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fi àmì kankan hàn títí tó fi máa dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà.

Wọ́n ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kṣọ̀n ni mo ní. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ́jú ẹ̀.

Àwo ṣáláńgá ò mọ nǹkan kan. Orúkọ yìí ti ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ torí pé ó kó àrùn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú àpò kan, ó sì bo ojú ọkọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó rọrùn láti dá ṣáláńgá gbogboogbò lẹ́bi. Àwọn àrùn ìbálòpọ̀ kì í ti ara àwo ṣáláńgá ranni.

Ohun tí mo máa ń rí rèé: obìnrin á lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n á fún un ní Flagyl. Bó bá jẹ́ èyí tó ń rùn bí ẹja tàbí tríkómónà, oògùn yẹn lè mú un lọ. Bó bá jẹ́ yíìsì, kò kàn án rárá, oògùn apakòkòrò mìíràn tí wọ́n bá sì fi kún un lè mú kí yíìsì pọ̀ sí i. Kò ní lọ, á tún ra èyí tó le jù, á tún fi àgbo kún un. Bó bá sì wá jẹ́ tríkómónà tàbí àtọ̀sí, tó lo oògùn rẹ̀ pé, tí ọkọ ò lò ó, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá tún jọ sùn ló gbà á padà. Ọdún mẹ́ta yín nìyẹn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ọkọ náà sì gba oògùn.

Ṣé ó dáa kí n máa fi omi gbígbóná, iyọ̀ tàbí Dettol fọ inú ibẹ̀?

Rárá. Ìta nìkan ni ká fi omi lásán fọ̀. Bí ẹ bá ṣe ìgbẹ́, láti iwájú lọ sẹ́yìn ni ká ti nù ún, kí kòkòrò ìdí má bàa dé ojú ìtọ̀.

Ọkọ mi ní ó ti fẹ̀. Wọ́n júwe álọ́ọ̀mù fún mi.

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù lẹ́yìn ìbímọ kejì, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń bi mí í: Yorùbá, Ègùn, àwọn ìyàwó apẹja, àwọn Hausa tó ń ta káyàn mátà ní ìsọ̀ wọn. Álọ́ọ̀mù, kànáfùrù, aṣọ gbígbẹ, oyin àti àtalẹ̀, eérú tábà: mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Álọ́ọ̀mù kì í sọ ibẹ̀ di kékeré. Ó ń fa omi ara gbẹ ni, bí ó ṣe ń mú omi odò tó dọ̀tí tòrò nínú ìkòkò. Ohun tó gbẹ bá ohun tó gbẹ, ó máa ń ya. Ojú ọgbẹ́ náà kéré débi pé ẹ ò ní rí i, ṣùgbọ́n kòkòrò HIV rí i, àtọ̀sí rí i, rẹ́kórẹ́kó náà rí i. Ọkọ á ní ó dùn, ìyàwó á máa fi ẹyín dí ẹnu. Ṣé ìgbádùn ni ká pe ìyẹn?

Iṣan ìsàlẹ̀ ló rọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, iṣan sì ń gbọ́ eré ìdárayá. Ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, ẹ mú un dání títí ẹ ó fi ka márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lọ́sàn-án, mẹ́wàá lálẹ́. Ẹ lè ṣe é nínú mọ́tò Mílè Kejì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kó tó fojú hàn.

Òróró àgbọn ńkọ́? Ìlú alágbọn ni wá, mo sì mọ̀ pé ẹ ó bi mí. Fún ìta tó ń gbẹ, kò léwu. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó pẹ̀lú kọ́ńdọ̀mù: òróró máa ń jẹ rọ́bà rẹ̀, á ya láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Mo ní ìjù. Wọ́n ní oògùn kan wà tí wọ́n ń fi síbẹ̀ tí á yọ́ ọ jáde.

Ẹ jókòó. Obìnrin kan tó ń ta gàrí, ọmọ ọdún 34, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́ tó fẹ́ ọkọ Yorùbá. Ẹ̀rọ àwòrán fi hàn pé ìjù kékeré kan wà nínú ilé ọmọ rẹ̀. Dókítà ní kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n tún wò ó, torí pé kì í ṣe gbogbo ìjù ni wọ́n ń gé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé e kiri títí dọjọ́ ogbó tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹnu ayé ò jẹ́ kó lè dúró. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá kan, ìyẹn sì fún un ní nǹkan dúdú tí wọ́n gún kúnná, tí wọ́n wé sínú aṣọ funfun, tó tóbi tó ìka àtàǹpàkò, tí òwú búlúù sì wà nídìí rẹ̀ tí á fi fà á yọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kó wà nínú.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ń ta á bí ata. Wọ́n ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, òun pẹ̀lú òwú náà, ohun kan bí awọ ewúrẹ́ tó tutù bọ́ sílẹ̀, gbogbo ilé sì hó yèè pé ìjù ti jáde. Awọ ojú ara rẹ̀ ló bọ́.

Ó di oṣù kẹrin kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nǹkan oṣù kò jáde mọ́, ṣùgbọ́n inú ń run ún lóṣooṣù bí ẹni tó ń rọbí. Mo tan iná wò ó: ojú ara ti lẹ̀ mọ́ra, ihò tó kù kò lè gba orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ẹ̀jẹ̀ oṣù mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìjù náà ṣì wà níbi tó wà. Iṣẹ́ abẹ méjì ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó rí ọ̀nà là. Ó gbé òwú búlúù yẹn wá fún mi nínú ọ̀rá, bí ẹni tó mú ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù.

Àwọn dókítà ìhà wa níbí mọ àrùn yìí dáadáa, wọ́n sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ tipẹ́. Oògùn tí wọ́n kì bọ ojú ara nítorí ìjù tàbí àìrọ́mọbí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìjù wà nínú ẹran ilé ọmọ, ẹnu ọ̀nà ni ojú ara wà. Ohun tó bá jó ẹnu ọ̀nà ò lè dé inú yàrá.

Àgbo mímu ńkọ́, mà?

Mo ti ní mi ò bá àgbo jà. Mo ń mu ewúro, mo ń mu efinrin bí inú bá ń lọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè nǹkan mẹ́ta kí n tó fọwọ́ sí i fún ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n fi ṣe é: bó bá jẹ́ ògógóró, kò yẹ aboyún rárá. Ewé wo ló wà nínú rẹ̀: bí ẹni tó tà á bá sọ pé àṣírí ni, ẹ jẹ́ kó fi àṣírí rẹ̀ pamọ́, ẹ má san owó. Oògùn wo ni ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti HIV, àgbo lè da ìyẹn rú.

Bó bá wà nínú ìgò tí wọ́n lẹ bébà mọ́, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Nọ́ńbà yẹn kò sọ pé ó ń wo gbogbo àrùn tí wọ́n kọ sí i lára. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn ìyá abíwẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kò sí àrífín nínú kí ẹ ní kí ìyá náà mú ìwé rẹ̀ jáde. Àwọn tó ní i máa ń gbé e kọ́ sára ògiri fúnra wọn.

Wọ́n ní ẹ̀dà ni kò jẹ́ kí n lóyún, pé àtọ̀ máa ń ṣàn jáde lára mi.

Ti gbogbo obìnrin ló ń ṣàn jáde. Ti ìyá tó bí ọmọ mẹ́jọ náà ń ṣàn jáde. Ohun tó ń di ọmọ nínú àtọ̀ kéré débi tí ojú ò lè rí i, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ti ń wọ ẹnu ilé ọmọ. Omi tó gbé e wá ló ń padà jáde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí ń bí mi nínú, ẹ má bínú, torí pé mo mọ iye obìnrin tí wọ́n ti fi í lé jáde nílé ọkọ. Nǹkan bí ìdajì nínú àwọn tọkọtaya tí ọmọ ò tètè dé sí, ọwọ́ ọkùnrin wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò tó àyẹ̀wò obìnrin lówó, kò sì ní oró kankan. Ọkọ kan ní Ajárá sọ fún mi pé òun ò lè fi ara òun fún àyẹ̀wò torí pé òun lágbára lórí ibùsùn. Agbára lọ́tọ̀, ọmọ inú àtọ̀ lọ́tọ̀.

Ọkọ inú omi ló ń bá mi sùn lójú àlá, ìyẹn ni oyún ṣe ń bàjẹ́. Ṣé ọsibítù lè wo ìyẹn?

Etí òkun àti ọ̀sà là ń gbé. Mi ò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Màmí Wọ́tà. Bí ẹ bá ní ètùtù láti ṣe, tàbí àdúrà, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ètùtù náà má ní ohun mímu tàbí ohun kíkì nínú. Kí ẹ tó parí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín. Rẹ́kórẹ́kó máa ń pa ọmọ sínú, abẹ́rẹ́ pẹnisílínì sì ń wò ó. Ìtọ̀ ṣúgà máa ń ba oyún jẹ́. Ẹnu ilé ọmọ tó tètè ń ṣí máa ń jẹ́ kí oyún bọ́ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, wọ́n sì lè fi òwú so ó. Mo mọ bokọ́nọ̀n kan, àgbà ni, tó jẹ́ pé bí obìnrin bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti bọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, á dá Fá, ìyẹn Ifá àwọn Ègùn, fún un, á wá ní, "Fá ní kó o kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì." Ojú rere ni mo fi ń wo ọkùnrin yẹn.

Lẹ́yìn ìbímọ, ìyá ọkọ mi ní kí n jókòó sórí omi híhó.

Omi tó gbóná díẹ̀, tí ìgbọ̀nwọ́ yín lè gbà, tó mọ́: ó dára, ó ń tu ni lára. Omi híhó ń bó ìdí. Mo ti tọ́jú àbíyamọ tí ìdí rẹ̀ wú bí búrẹ́dì, tí kò lè jókòó fún ọmọ lọ́mú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn ìbímọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ burúkú tí a gbọ́dọ̀ fi agbára tẹ̀ jáde nínú ikùn. Á máa dín kù fúnra rẹ̀ títí dé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ní kí àbíyamọ sinmi fún ogójì ọjọ́ ò jìnnà sí òtítọ́ o. Ìsinmi yẹn ni kí ìyá ọkọ dì mú, kó jẹ́ kí omi tutù díẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ń rùn, tí ara sì gbóná, kí ẹ gbọ̀nà ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ìyàwó apẹja máa ń fi rọ́bà fa àtalẹ̀ àti ata sí ìdí. Ṣé a lè ṣe é?

Rọ́bà pupa yẹn, tó rí bí èso péà tí ẹnu rẹ̀ gùn, àwọn ará Gánà ń pè é ní bentua. Wọ́n ní ó ń fọ ikùn, ó ń mú nǹkan oṣù wá, ó ń mú ọkọ nífẹ̀ẹ́. Ihò ìdí ni wọ́n ń fi í sí, kì í ṣe ojú ara, ṣùgbọ́n ìfun náà ní awọ tó tinrin. Ata ń bó o. Fún aboyún àti ọmọ ọwọ́, mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí rọ́bà kan bá sì wà tí gbogbo agbo ilé ń yá lò, àrùn ni wọ́n ń yá ara wọn.

Wọ́n fẹ́ dábẹ́ fún ọmọ mi obìnrin. Àṣà ibi tí a ti wá ni.

Mo fẹ́ kí àwa Yorùbá gbọ́ èyí dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé, a máa ń nàka sí àwọn àjèjì. Irọ́ ni. Ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀, àwọn Ègùn àti Fọ̀n kì í sábà dábẹ́ fún obìnrin. Ìhà àríwá wọn ló pọ̀ sí. Àwa gan-an la ṣe é jù ní ìhà ibí. Àwa la ní bí orí ọmọ bá kan ido nígbà ìbí, ọmọ á kú. Mo gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí ọmọ kan ido níwájú mi àìmọye ìgbà, ọmọ ké, ìyá rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tí ẹ ó sá lọ tí òfin ò ní bá yín. Gánà ṣòfin sí i ní 1994, Tógò ní 1998, Bẹ̀nẹ̀ ní 2003, òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sì dé ní 2015, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 4. Gbígbé ọmọ kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ ṣe é kò yọ yín.

Obìnrin tí wọ́n ti ṣe é fún tẹ́lẹ̀, tó bá lóyún, kó sọ fún agbẹ̀bí rẹ̀ tipẹ́, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà ìrọbí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin níléèwé, ṣé kò ní pa ilé ọmọ wọn?

Abẹ́rẹ́ HPV lẹ ń sọ. Oṣù October 2023 ni Nàìjíríà kó o mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, Èkó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ni wọ́n ń fún, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Kòkòrò HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, oríṣi 16 àti 18 sì ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò kan ilé ọmọ, kò kan ẹyin. Ọmọ ọmọ mi méjèèjì ti gbà á. Kí ló dé tí wọ́n ń fún ọmọdé? Kí abẹ́rẹ́ lè ṣáájú kòkòrò ni.

Ẹ̀yin ìyá wọn náà, ẹ lọ yẹ ẹnu ilé ọmọ wò. Fínígà ni wọ́n máa ń fi pa á, ibi tó bá ń yí padà á funfun. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo ti tó ọdún 50, nǹkan oṣù mi dúró. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ sínú ikùn mi.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹyin ló tán. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin, kò sì sí àgbo tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tí kò sí. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bà yín ni ìdàkejì rẹ̀: bó bá ti dúró ju ọdún kan lọ, tí ẹ̀jẹ̀ wá tún yọ, ì báà ṣe ẹ̀kán kan lára aṣọ. Wọ́n á ní ẹ ti padà di ọ̀dọ́. Ẹ má jó. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó fún jẹjẹrẹ.

Mi ò ní pépà Nàìjíríà. Ṣé wọn ò ní mú mi ní ọsibítù?

Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ìmígírésọ̀n. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò bi aboyún kan léèrè páàsìpọ́ọ̀tù rí. Ọmọ ECOWAS sì ni ẹni tó ti Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà wá. Àdéhùn 1979 fún un ní àyè láti wọlé láìgba físà kó sì dúró fún 90 ọjọ́, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ó rọ̀ jù ọsibítù ńlá lọ. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ èdè yín dání, obìnrin bíi tiyín. Ẹ má mú ọmọ yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ni wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ lójú mi, ọmọkùnrin ni. Ìyá náà ní orí ló ń fọ́ òun. Ọjọ́ kejì ló dá wá, ó sì sọ èyí tó ń ṣe é.

Àbúrò mi wà ní London. Ó ní kí n fi àgbo ojú ara ránṣẹ́.

Ẹ má fi ránṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé wọ́n ń pe obìnrin ọdún 25 sí 64 níbẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí lẹ́tà bá dé, kó má jù ú sẹ́yìn fíríìjì. Kó sọ fún dókítà rẹ̀ gbogbo ewé tó ti lò, títí kan èyí tó ń tijú láti dárúkọ. Bó bá ní ọmọbìnrin, kó mọ̀ pé òfin 2003 wọn kò gba dídábẹ́, ì báà jẹ́ nílé níbí ni wọ́n ti gbé ọmọ wá ṣe é, àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ fún ọlọ́pàá bí wọ́n bá mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é fún ọmọ tí kò tíì pé 18.

Ìgbà wo ni kí n pa àgbo tì kí n sáré?

Bí nǹkan oṣù bá fò, tí apá kan ìsàlẹ̀ ikùn wá ń gún yín lójijì, tí òòyì sì ń kọ́ yín: oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ, ìṣẹ́jú ni ẹ ní, kì í ṣe ọjọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan. Bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn yín pẹ̀lú ibà àti òórùn burúkú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ìyẹn kò gba eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ náà. Bí ẹ bá sì ti kì nǹkan bọ ojú ara tó ń jó yín báyìí, bí ẹ ṣe ń ka èyí lọ́wọ́, ẹ fà á yọ, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ìta, ẹ mú ohun náà dání kí wọ́n lè mọ ohun tó jẹ́.

Mà, ṣé ẹ ò ní bínú bí mo bá gbé àgbo mi wá kí ẹ bá mi wò ó?

Gbé e wá. Gbé ìgò náà, gbé ewé rẹ̀ tútù náà wá bí o bá rí i, kì í ṣe lílọ̀ nìkan, torí pé ojú ni mo fi mọ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Má wá lọ́jọ́ ọjà, ariwo á pọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni kó o gbà, ajá ò ní bù ọ́ jẹ.